Àkúrẹ́ sí Benin lójú Òfuurufú

Àkúrẹ́ tó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní pápákọ̀ òfuurufú kan. Ìlú Benin tó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó náà ní tirẹ̀. Bí èèyàn bá fa okùn tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, kìlómítà 108 péré ni, ìyẹn máìlì 67. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ tó ń sáré kìlómítà 510 ní wákàtí kan yóò jẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tán kí ìrẹsì tó jinná lórí iná. Síbẹ̀, ẹni tó bá jí ní Àkúrẹ́ tó sì ta kú pé bàálù lòun yóò wọ̀ dé Benin ní láti kọ́kọ́ fò lọ sí Èkó, kó sọ̀kalẹ̀, kó dúró de ọkọ̀ mìíràn, kó tún fò padà sí ìlà-oòrùn. Kìlómítà 108 á di 485.

Ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 108 àti 485 yìí ni àyọkà yìí dá lé: bí pápákọ̀ méjì ṣe lè jìnnà síra tó, bí ìrìn àárín wọn ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tó mú kí ọ̀kan máa tan èèyàn jẹ nípa èkejì. Láti Ajue, ní agbègbè Òrè àti Òdìgbó, la ti ń wò ó, nítorí ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ wà láàárín pápákọ̀ mẹ́ta, Èkó, Àkúrẹ́ àti Benin, kò sì ní ọ̀kan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ibi tí àwọn pápákọ̀ náà wà

Pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà ní ìlà-oòrùn ìlú, ní ìhà Ọbà-Ilé, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Lára tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é ni AKR. BNI ni ti Benin, LOS sì ni ti Èkó. Àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ti Àkúrẹ́. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé níbẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 2,800, ó sì tó fún jẹ́ẹ̀tì bíi Boeing 737 láti balẹ̀ kó tún gbéra. Orí ilẹ̀ gíga ló wà, nǹkan bí mítà 335 sókè ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ yóò rí àwọn òkúta ràbàtà tó yọrí láàárín igbó, títí kan àwọn òkè Ìdànrè ní ìhà gúúsù, tí wọ́n ń dán bí ẹ̀yìn erin lẹ́yìn òjò.

Ti Benin pẹ́ jù ú lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an, kò tó mítà 100 sókè ju òkun. Àárín ìlú ló wà. Èrò tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde sí Airport Road kó sì pe ọ̀kadà tàbí takisí. Mo ka èyí sí ohun ńlá, àwọn tó ń ṣírò ìrìn bàálù kì í sì í sábà kà á mọ́ ọn. Pápákọ̀ tó wà nínú ìlú ti gba èèyàn ní wákàtí kan sílẹ̀ kí bàálù tó gbéra rárá.

Láyé ìgbà tí Nigeria Airways, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 tí ó sì kógbá sílé ní 2003, ṣì wà, Benin wà lára àwọn ìlú tí bàálù ìjọba ń dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gba ojú òfuurufú. Àwọn bíi Arik Air, Overland, Air Peace àti Green Africa ti gbé èrò dé Àkúrẹ́ ní àkókò kan tàbí òmíràn. Green Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2021 pẹ̀lú ATR 72, bàálù alábẹ̀bẹ̀ méjì tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀nà kúkúrú báyìí gan-an.

Onígun-mẹ́ta tí Òrè wà nínú rẹ̀

Láti pápákọ̀ Èkó ní Ìkẹjà sí ti Àkúrẹ́ jẹ́ kìlómítà 231. Èkó sí Benin jẹ́ 254. Àkúrẹ́ sí Benin jẹ́ 108. Bí a bá ya ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí máàpù, onígun-mẹ́ta tóóró ni yóò yọ, ṣóńṣó rẹ̀ wà ní Èkó, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn. Inú rẹ̀ ni Òrè bọ́ sí, pẹ̀lú Òdìgbó, Ajue, oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti igbó ọba Olúwa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ ni bí Òrè ṣe wà ní agbedeméjì tó. Ìlà tó lọ tààrà láti Èkó sí Àkúrẹ́ gba àríwá rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 37. Èyí tó lọ láti Èkó sí Benin gba gúúsù rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 38. Bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ìlú náà. Ọ̀nà kan tó tún sún mọ́ ọn ju ìwọ̀nyí lọ nínú àwọn tó ti Èkó jáde ni ti Ẹnúgu, tí ìlà rẹ̀ tààrà kò jìnnà ju kìlómítà 23 lọ sí gúúsù Òrè. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá gbójú sókè láàárín oko kòkó ní àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ìkúùkù, tí ó rí jẹ́ẹ̀tì kékeré bí abẹ́rẹ́ tó ń tàn ní ìhà gúúsù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èrò Ẹnúgu ló wà nínú rẹ̀.

Òrè fúnra rẹ̀ jìnnà sí pápákọ̀ Àkúrẹ́ ní kìlómítà 72 lójú òfuurufú, sí ti Benin ní 93, sí ti Èkó ní 173. Àkúrẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Oríta ló sọ Òrè di ìlú tí gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Biafra gbà ní 1967. Wọ́n wọ Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ń forí lé Èkó, àmọ́ Òrè ni wọ́n ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè," bí nǹkan bá le kọjá ààlà. Ẹni tó ń gba orí ilẹ̀ lọ láti Èkó sí Benin kò lè yẹ Òrè sílẹ̀. Ẹni tó ń gba òkè lọ kì í mọ̀ pé òun ti kọjá ibẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò ìjìnnà

Ilé ayé rí roboto. Ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ibi méjì lórí rẹ̀ kì í ṣe ìlà tí a fi rúlà fà sórí ìwé pẹlẹbẹ. Ó jẹ́ ìlà tó tẹ̀ lé ẹ̀yìn ayé, bí ìgbà tí a bá fa òwú le mọ́ orí ọsàn láti ojú kan dé òmíràn. Láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Láàárín Àkúrẹ́ àti Benin, kò tó ohun tí a ń sọ. Nítorí náà, ọmọ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe ìṣírò náà lórí tábìlì ilé wọn.

Ohun tó kàn nílò ni ìlà ìbú àti ìlà òró ibi méjèèjì. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bí dígírì 7.247 sí àríwá àti 5.301 sí ìlà-oòrùn. Benin wà ní 6.317 àti 5.600. Dígírì kan lórí ìlà ìbú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111 níbikíbi tí èèyàn bá wà. Bí a bá yọ 6.317 kúrò nínú 7.247, ó ku 0.93, èyí tó jẹ́ kìlómítà 103 láti àríwá sí gúúsù. Ti ìlà òró kò tó 0.30, èyí sì jẹ́ kìlómítà 33 láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ku kí a ṣe ohun tí olùkọ́ ìṣirò kọ́ wa nípa onígun-mẹ́ta tó ní igun ọ̀ọ́káán: a ó sọ 103 di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sọ 33 náà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì wá gbòǹgbò rẹ̀. 108 ni yóò jáde.

Àwọn awabàálù kì í sọ kìlómítà. Máìlì ojú òkun ni tiwọn, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852. Wọn kò ṣàdédé mú iye yẹn o: dígírì kan lórí ìlà ìbú pín sí ọ̀nà 60, ìdá kọ̀ọ̀kan sì ni máìlì ojú òkun kan. Ìdí nìyẹn tí awabàálù fi lè wo máàpù kó sì mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láìlo ẹ̀rọ ìṣírò. Àkúrẹ́ sí Benin jẹ́ 58, Àkúrẹ́ sí Èkó jẹ́ 125.

Iye tí àwọn ojú ìwé ìṣírò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé jáde nìyí bí a bá tẹ orúkọ ìlú méjì sínú wọn. Wọ́n tọ̀nà, ṣùgbọ́n bàálù kì í fò bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà ìsáré Èkó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn tó ń ti òkun bọ̀ bá ń fẹ́ láti gúúsù, bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí i kó tó balẹ̀. Nítorí náà, èyí tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ láti ìlà-oòrùn ní láti yí lọ sí ìhà àríwá Ìkẹjà, kó tún yí padà sí gúúsù kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sì lè ní kó máa yípo lókè títí tí èyí tó wà níwájú rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Gbogbo ìyípo yìí ń fi kìlómítà kún ìrìn, kò sì sí ẹ̀rọ ìṣírò tó ń kà á.

Àkókò tí bàálù ń lò

Èrò tó ń wo ojú ìwé ìṣírò yóò rí i pé kìlómítà 231 tó wà láàárín Èkó àti Àkúrẹ́, bí a bá fi 510 pín in, kò ju ìṣẹ́jú 27 lọ. Ó tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń kọ nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan sára ìwé ìṣètò wọn, wọn kò sì purọ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti yọ ìdènà tí wọ́n fi dí ẹsẹ̀ bàálù títí di ìgbà tí wọ́n bá tún fi dí i ní ìlú kejì ni wọ́n ń kà. Ó ní láti rìn lórí ilẹ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà ìsáré, kó dúró de àṣẹ, kó sáré, kó gùnkè. Bó ṣe ń gùnkè, kò tíì lè sáré tó bó ṣe yẹ. Bó bá gòkè tán, kò pẹ́ tí yóò tún máa sọ̀kalẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú, àkókò tí bàálù fi ń sáré dé ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an.

Ìdí nìyẹn tí jẹ́ẹ̀tì kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ju alábẹ̀bẹ̀ lọ láàárín ìlú méjì tó sún mọ́ra. Boeing 737 lè sáré nǹkan bíi kìlómítà 840 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó ń gbà á tó ogún ìṣẹ́jú láti gòkè dé ibi gíga tó ti ń sáré bẹ́ẹ̀. Bó bá sáré báyìí láti Àkúrẹ́ sí Benin, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò ní tíì gòkè dé ìdajì ibi tó ń lọ kí ilẹ̀ Benin tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi bàálù ṣe ọ̀nà yìí tààrà, alábẹ̀bẹ̀ ló yẹ. Yóò lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lókè, bí a bá sì ka ti orí ilẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ni gbogbo rẹ̀.

Atẹ́gùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn bá ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó yóò gbà á lẹ́yìn, ìṣẹ́jú 27 á di 25. Èyí tó ń padà yóò forí sọ ọ́, yóò sì lo ìṣẹ́jú 29 ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kan fún èrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra epo bàálù mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá gan-an. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó dúró lórí òkè Ìdànrè kò ní rí Àkúrẹ́. Bí ojú awabàálù kò bá lè ríran jìnnà tó bí òfin ṣe sọ, kò ní gbéra. Àwọn pápákọ̀ kéékèèké tí wọn kò ní iná lójú ọ̀nà ìsáré ní ìṣòro mìíràn: bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n ti tì. Bàálù tó yẹ kó gbéra ní aago mẹ́ta tí kò sì tíì kúrò ní Èkó ní aago márùn-ún ààbọ̀ kò ní lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, àfi lọ́la. Ìrìn ìṣẹ́jú 45 ti di ọjọ́ kan gbáko.

Ọ̀nà Èkó sí Àkúrẹ́ yìí náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kan tí ará Oǹdó kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2013, bàálù Embraer 120 ti ilé-iṣẹ́ Associated gbéra ní Èkó, ó ń gbé òkú Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó gbéra tó fi já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀ náà. Ogún èèyàn ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú. Àwọn tó ń retí òkú ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà gbọ́ ìròyìn òkú mìíràn.

Ìdí tí kò fi sí bàálù tààrà

Lórí ìwé, Àkúrẹ́ sí Benin ló yẹ kó rọrùn jù. Kìlómítà 108 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tó wà láàárín Èkó àti Kútọnu, tó jẹ́ 106. Ṣùgbọ́n bàálù kì í jẹ́ ti ìjìnnà nìkan. Epo tí ó ń jó jù ni èyí tó fi ń gùnkè, ọ̀nà kúkúrú sì jẹ́ gígùnkè àti sísọ̀kalẹ̀ lásán. Táyà àti bíréèkì rẹ̀ ń gbó lọ́nà kan náà yálà ó balẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tàbí lẹ́yìn wákàtí méjì. Owó tí wọ́n ń san fún ìbalẹ̀ kò dín kù nítorí pé ọ̀nà kúrú. Ní 2022, nígbà tí owó epo bàálù fò sókè, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. Wọ́n padà yí ìpinnu náà padà. Ọ̀nà kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ jìyà irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èrò náà kò tún fọ́nká síbi gbogbo. Ẹni tó ń wọ bàálù ní Àkúrẹ́ ń lọ sí Èkó tàbí Àbújá, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba, ilé ẹjọ́, báńkì ńlá àti bàálù òkè òkun wà. Olówò tó ń lọ sí Benin ní gáréèjì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù kò lè fi àádọ́rin ìjókòó dúró de èèyàn mẹ́wàá.

Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe di oríta òfuurufú, gẹ́gẹ́ bí Òrè ṣe jẹ́ oríta ilẹ̀. Ẹ wo bí ìrìn Àkúrẹ́ sí Benin ṣe ń rí: wákàtí kan àti ààbọ̀ ní pápákọ̀ Àkúrẹ́ kí wọ́n tó pè yín, ìṣẹ́jú 50 dé Èkó, ìdúró níbẹ̀ tí kò lè dín ní wákàtí méjì bí orí bá bá yín ṣe é, nǹkan bíi wákàtí kan dé Benin. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ti lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì méjì náà sì ti lọ. Bọ́ọ̀sì tó gba Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n kọjá kò ní rìn ju nǹkan bíi kìlómítà 170 sí 180 lọ, yóò sì ti dé ṣáájú yín.

Ọ̀nà ilẹ̀ náà ní tirẹ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ọ̀nà ilẹ̀ dára. Ní oṣù Kọkànlá 2020, àwọn agbébọn pa Ọba Israel Adéùsì, Olúfọ́n ti Ifọ́n, nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ka, nígbà tí Kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ọ̀nà tí èrò Benin ń gbà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ìdí láti dé Benin ló yàn láti gba Oǹdó, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí Òdìgbó àti Òrè, kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Benin. Ó fi nǹkan bí kìlómítà 40 tàbí 50 gùn ju ti Ifọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọkàn wọn balẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Báyìí ni èrò Àkúrẹ́ tí kò rí bàálù wọ̀ ṣe ń kọjá ní sàkáání Ajue.

Ọ̀nà Òrè sí Benin náà ti jẹ ìyà tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 2000, ó bàjẹ́ débi pé kòtò gbé tírélà mì, èrò sì ń sùn sínú ọkọ̀. Mo gbà pé ọ̀nà tó bàjẹ́ yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí kò fẹ́ràn bàálù rí di ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, àwọn kan nínú wọn padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ń gbé ní Ajue

Ká ní ìyá kan wà ní Ajue tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọmọ ní, "Ẹ wọ bàálù, Mọ́mì, mo máa san án." Ìyá yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ gba Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, yóò la ìlú náà já dé ìhà Ọbà-Ilé, nítorí ẹ̀yìn odi lódìkejì ni pápákọ̀ wà. Láti Òrè, ìrìn yẹn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, àríwá ìlà-oòrùn ló sì kọjú sí, nígbà tí Èkó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ló ń jìnnà sí ibi tó ń lọ. Yóò dé pápákọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jókòó, yóò fò, yóò sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà, yóò sì bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó pàdé. Bó bá jẹ́ Ìkòròdú tàbí Mowe ni ọmọ ń gbé, ó ti kọjá ilé ọmọ rẹ̀ lókè. Ká ní ó wọ bọ́ọ̀sì ní Òrè, nǹkan bíi igba kìlómítà ni, ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ni yóò ti sọ̀kalẹ̀.

Ti Àbújá yàtọ̀. Àkúrẹ́ sí Àbújá jẹ́ kìlómítà 291 lójú òfuurufú. Lórí ilẹ̀, kò lè dín ní 400, ó sì gba Kàbbà àti Lọ́kọ́ja tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba èèyàn. Ìyá kan náà tí bàálù kò ṣe láǹfààní fún ní ọ̀nà Èkó lè tipa pápákọ̀ Àkúrẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì wú, bí bàálù tààrà bá wà lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí, Èkó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé pápákọ̀ Àkúrẹ́ kò wúlò fún àwọn ará gúúsù Oǹdó. N kò gbà. Ó wúlò fún ìhà àríwá. Fún ìhà Èkó, Òrè ti ní ohun tó yá ju bàálù lọ.

Ìjọba Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ kan sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, lẹ́bàá Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Òrè ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàálù bá ń gbéra déédéé níbẹ̀, ará Ajue tó ń lọ sí òkè ọya kò ní nílò láti wọ inú Èkó mọ́.

Níbòmíràn

Ní erékùṣù Orkney ní Skọ́tílándì, bàálù kékeré kan ń fò láàárín Westray àti Papa Westray láti 1967. Kìlómítà 2.7 ni, ìwé ìṣètò fún un ní ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì ti ṣe é rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 53. Òkun ló wà láàárín, kò sí afárá. Bàálù ibẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń ṣe ní Èkó. Ní òdìkejì, erékùṣù Saint Helena ní àárín Òkun Àtìláńtíìkì kò ní pápákọ̀ rárá títí di 2016, bàálù elérò tó ní ìṣètò kò sì bẹ̀rẹ̀ síí dé ibẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá 2017. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn láti Cape Town, tí ìrìn náà ń gbà tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Lomé ní Tógò. Láti Èkó sí ibẹ̀ jẹ́ kìlómítà 233, ìyàtọ̀ kìlómítà méjì péré sí ti Àkúrẹ́. Bàálù kan náà yóò lo àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n aago Tógò fi wákàtí kan gbẹ́yìn ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí bàálù sì fi ìṣẹ́jú 50 gbé e, yóò bá aago ògiri ní pápákọ̀ Lomé tó ń sọ pé aago méje kọjá ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó gba Àkúrẹ́ lọ ní aago mẹ́jọ kan náà yóò bá a ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ọyẹ́ kò bá sọ̀ lọ́jọ́ náà.